Ọdún Méjì Lábẹ́ Orúkọ Mi

Aveiro, Pọ́túgàl
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta, 2025

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín nínú lẹ́tà, torí orúnkún mi ò jẹ́ kí n kúnlẹ̀ lójú ayé mọ́. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn já yín láyà, ẹ fara balẹ̀ kà á dópin. Moyọ̀sọ́lá, ọ̀rẹ́ mi, sọ pé òun yà ní ṣọ́ọ̀bù yín ní Fọlá Agoro lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lòun kí yín kí ẹ tó bojú wẹ̀yìn, àmọ́ nígbà tí ẹ rí òun ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ sì fún òun ní kàlẹ́ńdà. Inú mi dùn. Etí tó ti gbọ́ ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fún ọdún mọ́kànlélógójì, tó bá fẹ́ sinmi, ká jẹ́ kó sinmi. Mo sì gbà pẹ̀lú yín pé lẹ́tà ló dáa fún àwa méjèèjì, torí ọ̀rọ̀ tí Moyọ̀sọ́lá bá bá yín tẹ̀ lórí fóònù, àwa mẹ́ta la ni ín.

Kùrukùru ti bo ìlú yìí láti ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ rántí pé mo sọ fún yín pé ọ̀sà wà lẹ́yìn ìlú bíi ti Bàrígà, àmọ́ iyọ̀ ni wọ́n ń wà nínú tibí. Mo máa ń rìn lọ síbẹ̀ láàárọ̀. Tí kùrukùru bá wà, èèyàn ò ní mọ ibi tí omi parí sí. Lánàá, mo dúró níbẹ̀, mo ń gbọ́ bí ẹnì kan ṣe ń ta bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ lókèèrè, gbà, gbà, gbà. Mo dúró pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, pé àyà mi ni mò ń gbọ́. Mo bá yí padà, mo lọ jẹun.

Bàbá mi, mo fẹ́ fi bọ́ọ̀lù àjùsápẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Dókítà ní tí mo bá fi ipá gbá a di ọdún tó ń bọ̀, ọ̀pá ni n ó fi máa rìn kí n tó pé ogójì ọdún. Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà, ni mo máa gbá a kẹ́yìn. Kíláàbù fẹ́ ṣe pósítà ìdágbére tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, kí wọ́n sì pín kékeré rẹ̀ fún ẹni tó bá wọlé. Mo ní kí wọ́n má wulẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Mo ní atẹ̀wé ni bàbá mi ní Ṣómólú, òun ló máa tẹ̀ ẹ́.

Mo ti ya bí mo ṣe fẹ́ kó rí sójú ìwé kejì. Fọ́tò mi lókè, èyí tí mo ti ń fò. Orúkọ mi lábẹ́ rẹ̀ ní gàdàgbà. Lábẹ́ orúkọ, ọdún tí mo dé kíláàbù yìí àti ọdún tí mò ń lọ: 2012 – 2025. Dúdú àti àwọ̀ wúrà ni kí íńkì rẹ̀ jẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe é. Mi ò mọ ohun tí mo máa dà lẹ́yìn ọjọ́ náà. Tí mo bá rí iṣẹ́ ọwọ́ yín lẹ́nu ọ̀nà, mo rò pé ẹsẹ̀ mi á lè gbé mi jáde.

Ọmọ yín tó ga ju ilẹ̀kùn lọ,
Mojíbọ́lá


Fọlá Agoro, Ṣómólú
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹta, 2025

Àmọ̀kẹ́, ọmọ Ọláyídé,

Mo kí ọ káàárọ̀, mo kí ọ káàsán, nítorí n kò mọ ìgbà tí ìwé yìí yóò bá ọ. Àwọn tó ń kó ẹrù òkè òkun ní Onípanu ni wọ́n fi tìrẹ lé mi lọ́wọ́. Mo kí orúnkún rẹ náà. Kí Olúwa bá wa wò ó sàn.

Mo ka ojú ìwé àkọ́kọ́, mo ń rẹ́rìn-ín. Mo ṣí ojú ìwé kejì, mo wá àga jókòó.

Ta ló kọ́ ọ ní ohun tí o yà yẹn? Fọ́tò lókè, orúkọ lábẹ́ fọ́tò, ọdún méjì lábẹ́ orúkọ, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ láàrin wọn, dúdú àti àwọ̀ wúrà. Ọmọ atẹ̀wé ni ọ́. Ìdí ẹ̀rọ ni o ti kọ́ ìrìn. Ṣé ìwọ ni yóò sọ fún mi pé o kò mọ ohun tí wọ́n ń fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ kéde ní Ṣómólú? Bí mo bá gbé e jáde báyìí, ilẹ̀ kò ní ṣú tí wọn yóò fi máa bi mí pé ọjọ́ wo ni àìsùn, ibo ni a ó sin ín sí. Èmi yóò sì dúró níbẹ̀, n óò máa ṣàlàyé bọ́ọ̀lù fún wọn.

Ọ̀rọ̀ fífẹ̀yìntì náà kò yé mi. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n wo ló ń fẹ̀yìn tì? Èmi tí mo pé méjìdínláàádọ́rin kò tíì fẹ̀yìn ti nǹkan kan, àfi bébà tí mo máa ń tòògbé lé lọ́sàn-án. Fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ bó bá rẹ̀ ọ́, kí o máa bọ̀. Ilé làbọ̀ sinmi oko.

Ọ̀rọ̀ ìtòògbé ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Láti ìgbà tí etí mi ti lọ, ojú oorun nìkan ni mo ti ń gbọ́ràn dáadáa. Lánàá mo rí ìyá rẹ. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, ó ń ka bébà ní méjì-méjì, ó ń kà á sókè bó ṣe máa ń kà á, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ kedere. Mo ní kí n bi í léèrè ọ̀rọ̀ rẹ. Ó ní kí n dákẹ́ ná, kí òun má baà ṣi í kà. Mo dákẹ́, mo sì jí.

Ìwé òkú ìyá rẹ ni mo tẹ̀ kẹ́yìn nínú ẹbí yìí. Lọ́jọ́ náà ni mo ti sọ pé ọwọ́ mi kò ní gbé ọdún méjì sábẹ́ orúkọ ọmọ mi láéláé. Kí òyìnbó tẹ̀ ẹ́ bó bá wù wọ́n. N kò ní tẹ̀ ẹ́.

Èmi tí mo bí ọ,
Samson Ọláyídé


Aveiro
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹrin, 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ara yín. Mo gba lẹ́tà yín, mo sì kà á lórí bẹ́ǹṣì nígbà tí àwọn yòókù ń gbá bọ́ọ̀lù. Dókítà ti ní kí n máa gbá a níwọ̀nba.

Mi ò lérò pé ẹ máa bínú. Níbí, tí eléré bá ń lọ, ọdún tó fi gbá bọ́ọ̀lù ni wọ́n máa ń kọ. Kò sóhun tó kan ikú nínú ẹ̀. Àmọ́ ẹ dárúkọ pósítà màmá mi, ẹ sì ti ṣí ilẹ̀kùn tí èmi ò fẹ́ ṣí. Ọdún keje rèé tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí n gbé e sọ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 2018, mo ń so okùn bàtà mi nínú yàrá ìmúra, ó ku díẹ̀ ká jáde sí pápá. Fóònù mi dún. Ẹnì kan tí a jọ kọ́ bọ́ọ̀lù ní Bàrígà ló fi fọ́tò ránṣẹ́: ògiri kan ní Ladi-Lak, pósítà márùn-ún lára rẹ̀, ojú màmá mi lẹ́ẹ̀márùn-ún. 1959 – 2018. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Pẹ̀lẹ́ o, Mojí. Mi ò mọ̀ rárá pé ara Mọ́mì ò yá." Èmi náà ò mọ̀. Ó ti pé ọjọ́ mọ́kànlá tí wọ́n ti kú, ẹ sì ti bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì láàárín ẹ̀, ẹ ní wọ́n lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Mo mọ irú lẹ́tà tí wọ́n fi tẹ pósítà yẹn, Bàbá mi. Mo mọ bí ẹ ṣe máa ń fi àyè sílẹ̀ láàárín orúkọ àti ọdún. Iṣẹ́ ọwọ́ yín ló túfọ̀ màmá mi fún mi. Mo jáde, mo gbá bọ́ọ̀lù náà, wọ́n ní mo jẹ póìntì mọ́kànlélógún. Mi ò rántí ọ̀kan nínú ẹ̀. Ohun tí mo rántí ni pé gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́ lójú mi, pé bọ́ọ̀lù fúyẹ́ lọ́wọ́ mi, tí mo bá jù ú, á pẹ́ lókè kó tó sọ̀ kalẹ̀.

Ṣé ẹ rántí agolo íńkì ńlá tí ẹ gé ìdí rẹ̀, tí ẹ kàn mọ́ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù fún mi? Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Ìwé àbàjẹ́ ni mo máa ń rún di bọ́ọ̀lù, tí mo ń jù sínú rẹ̀. Ìwé òkú ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn bàbá àti ìyá tí íńkì ti dà sójú wọn. Ẹ̀yin lẹ máa ń kó wọn fún mi lápá-lápá. Ẹ̀rù ò bà yín nígbà yẹn.

Tí àwọn ọmọ olóògbé bá wá, tí wọ́n ní kí ẹ fi "aláàánú" àti "akínkanjú" sábẹ́ fọ́tò bàbá tí wọn kì í bẹ̀ wò, ẹ máa ń dúró kí wọ́n lọ tán, ẹ wá ní ọjọ́ a kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Bàbá mi, mo fẹ́ sunwọ̀n láàyè. Ọwọ́ yín ni mo sì fẹ́ kó ti wá.

Èmi ni,
Mojíbọ́lá yín


Aveiro
Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù kẹrin, 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n rèé, mi ò rí lẹ́tà. Moyọ̀sọ́lá ní ara yín le, pé òun rí yín tí ẹ ń ti ṣọ́ọ̀bù pa ní ọ̀sán gangan, ẹ sì ń lọ síbì kan tí ẹ ò sọ fún un. Ẹyin lọ̀rọ̀, mo mọ̀. Tí èyí tí mo kọ bá ti bọ́ tó sì fọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi kàn yín lábùkù.

Kíláàbù ní àwọn á dúró dìgbà tí oṣù karùn-ún bá parí. Tí kò bá sí ìwé lọ́wọ́ mi nígbà náà, wọ́n á lọ tẹ tiwọn.

Wọ́n ní kí n wá máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin kéékèèké ní bọ́ọ̀lù láti oṣù kẹsàn-án. Mi ò tíì dá wọn lóhùn. Mo sọ fún ìyá arúgbó kan tó ń wa iyọ̀ lẹ́bàá ọ̀sà, ẹni tí a ti jọ ń kí ara wa láti ọjọ́ pípẹ́, pé ọjọ́ Sátidé kan ń bọ̀ tí mi ò ní gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Ó ní, "Tó bá di ọjọ́ Àìkú, kí ni wọ́n á wá máa pè ọ́?" Ó fún mi ní igi tó fi ń wa iyọ̀ jọ, ó ní kí n dì í mú, kí n rọra fà á. Iyọ̀ náà ń dún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lábẹ́ omi. Oòrùn ti ga kí n tó gbójú sókè.

Ẹ dá mi lóhùn, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ máa bú mi ni.

Mojíbọ́lá


Fọlá Agoro, Ṣómólú
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún, 2025

Àmọ̀kẹ́ mi,

Lẹ́tà rẹ méjèèjì wà níwájú mi. N kò bínú. Ojú ló tì mí, ó sì máa ń pẹ́ kí àgbàlagbà tó rí ọ̀rọ̀ tí yóò fi bẹ ọmọ.

Nílé wa, a kì í sọ ọ̀rọ̀ ikú fún ẹni tó jìnnà, àfi bí ẹnì kan bá wà nítòsí tí yóò dì í mú. Mo ń wá ẹni tí yóò bá ọ sọ ọ́ lójúkojú. Pásítọ̀ wa ń bá mi wá ọmọ ìjọ tó wà ní Lisbon, ọjọ́ sì ń lọ. Ṣùgbọ́n ìsìnkú ní ọjọ́ tirẹ̀, ìwé kò lè dúró. Mo tẹ̀ ẹ́, mo ní Pọ́túgàl jìnnà sí ògiri Ladi-Lak. N kò mọ̀ pé fóònù ti sọ gbogbo ògiri ayé di ọ̀kan. Mo purọ́ fún ọ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì gbọ́ nínú ohùn rẹ pé o gbà mí gbọ́. Jọ̀ọ́, dárí jì mí.

Ibi tí Moyọ̀sọ́lá rí mi tí mò ń lọ, Bàrígà ni, pápá onísìmẹ́ńtì tí o ti kọ́ bọ́ọ̀lù. Ogún ọdún ni mo fi ń tẹ ìwé ìdíje fún wọn níbẹ̀, n kò dúró wò ó rí. Ìwọ gan-an, n kò wò ọ́ rí. Àwọn ọmọbìnrin bíi mẹ́wàá ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. N kò gbọ́ nǹkan kan, n kò gbọ́ bọ́ọ̀lù, n kò gbọ́ ariwo wọn. Wọ́n ń fò sókè, wọ́n ń balẹ̀ jẹ́jẹ́, bíi pé inú omi ni gbogbo wọn wà. Ọ̀kan ga ju àwọn yòókù lọ. Nígbà tó fò, ó dà bíi pé kò fẹ́ bọ̀ wálẹ̀ mọ́. Mo mọ̀ pé ìwọ kọ́ ni, síbẹ̀ mo pe orúkọ rẹ. N kò mọ bí ohùn mi ṣe ròkè tó, àmọ́ gbogbo wọn dúró, wọ́n yíjú sí mi, wọ́n sì kúnlẹ̀ kí mi. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa gbá a lọ. Mo ti padà lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Lánàá mo jókòó ti kọ̀ǹpútà. Mo ṣí ìwé tí mo máa ń fi ṣe àwòṣe, mo gbé fọ́tò rẹ sí i, mo kọ orúkọ rẹ, mo kọ ọdún méjèèjì. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni mo tẹ̀, ìwé àkọ́tẹ̀ tí à ń pè ní prúùfù, òun ló wà nínú àpò ìwé yìí.

Gbọ́ bí iṣẹ́ wa ṣe rí. Ẹni tó gbé iṣẹ́ wá ni a máa ń fún ní prúùfù. Yóò kà á. Bí àṣìṣe bá wà, yóò fi bírò pupa fa ìlà sí i. Bí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò kọ "Ó dára, ẹ tẹ̀ ẹ́", yóò fọwọ́ sí i. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ yí. Láti ọdún 1984 tí mo ti ń ṣe irú ìwé yìí, ọmọ ló ń fọwọ́ sí ti bàbá, opó ló ń fọwọ́ sí ti ọkọ. Èmi ni mo fọwọ́ sí ti ìyá rẹ. Kò ṣẹlẹ̀ rí pé ẹni tó ni ojú, tó ni orúkọ, tó sì ni ọdún méjèèjì mú bírò, kó fọwọ́ sí tirẹ̀. Nígbà tí mo rò ó dé ibẹ̀, ẹ̀rù mi fúyẹ́ díẹ̀.

Nítorí náà, fọwọ́ sí i. N kò fẹ́ fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù. Mo fẹ́ fi ìka mi kan bírò náà lórí bébà. Ànúolúwapọ̀ tó ń kó bàtà wá láti Lisbon ló ń mú un bọ̀ wá fún ọ. Yóò padà sí Èkó lọ́jọ́ kẹrìnlélógún, yóò sì tún wá lọ́hùn-ún kí ìdíje rẹ tó dé. Bí kò bá sí ìbuwọ́lùwé rẹ lára rẹ̀, n kò ní tẹ̀ ẹ́.

Bàbá rẹ,
Samson Ọláyídé


Aveiro
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù karùn-ún, 2025

Bàbá mi,

Ànúolúwapọ̀ dé ọ̀dọ̀ mi lánàá. Ó jókòó, ó ń mu tíì, ó ń wò mí bí mo ṣe ń ṣí àpò ìwé náà. Mo ka lẹ́tà yín, mo sunkún, ó sì ṣe bíi pé òun ò rí mi. Mo ti dárí jì yín. Ó ti pẹ́ tí mo ti dárí jì yín, ẹnu mi ni kò gbà á.

Mo ti sọ fún kíláàbù pé mo máa kọ́ àwọn ọmọ náà, wọ́n sì ti gbà láti dúró de ìwé yín títí Ànúolúwapọ̀ á fi padà dé. Àmọ́ mò ń bọ̀ nílé ní oṣù keje ná, fún odindi oṣù kan. Mo fẹ́ kí ẹ mú mi lọ sí pápá yẹn, kí ẹ jókòó, kí n gbá a díẹ̀ lójú yín. Orúnkún mi á gbà fún mi láti fò lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì.

Mo wá gbé prúùfù náà sórí tábìlì. Ó rẹwà. Mo kà á bí ẹ ṣe ní kí n kà á, láti òkè dé ìsàlẹ̀, bírò pupa lọ́wọ́ ọ̀tún. Fọ́tò dáa. Àmì orí orúkọ mi pé. Ọdún méjèèjì tọ̀nà. Nísàlẹ̀ pátápátá ni mo ti rí àṣìṣe kan. Ó jọ pé ẹ gbàgbé láti pa á rẹ́ lára àwòṣe ìwé òkú yín, ìlà kékeré tó máa ń kẹ́yìn: "Samson Ọláyídé ló kéde rẹ̀, lórúkọ gbogbo ẹbí."

Mo gbé bírò pupa lé e. Mo tún un kà. Mo ro bí àwọn èèyàn á ṣe máa wọlé lọ́jọ́ náà, tí wọ́n á máa ka ojú mi àti orúkọ mi, tí wọ́n á sì rí ẹni tó kéde mi fún wọn. Mo gbé bírò pupa sílẹ̀, mo mú dúdú. Ẹ má yọ ìlà yẹn.

Ó dára, ẹ tẹ̀ ẹ́.
Mojíbọ́lá Ọláyídé